Àgádágodo Kan Ṣẹ́kù

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, èyí tí atẹ́gùn ń yí láti pèsè iná mànàmáná, kò sẹ́ni tó ń gun òpó láì kọ́kọ́ lọ kí súìṣì ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn á pa súìṣì náà, àwọn abẹ̀bẹ̀ gígùn tó wà lókè á dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà oníkálukú á fi àgádágodo tirẹ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, á sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Títí tí ẹni tó gbẹ̀yìn á fi sọ̀kalẹ̀, tí á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí tirẹ̀, kò sí ọba tó lè ní kí ẹ̀rọ náà yí.

"Ẹni tó kọ́ ọ ló ń ṣí i," ni olùkọ́ wọn máa ń wí. Ọ̀gá Ìgbànú ni wọ́n ń pè é, torí kò lè rí ènìyàn kó má fa ìgbànú ààbò rẹ̀ wò bóyá ó le. Wọ́n ní ó ti fa ti ọkọ ìyàwó rí, níbi ìgbéyàwó.

Nígbà tí Sípánà kọ́kọ́ gbọ́ òfin àgádágodo, ẹ̀rín ló pa á. Ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, inú ṣọ́ọ̀bù bàbá ló sì dàgbà sí. Bàbá náà ló sọ ọ́ ní Sípánà, nítorí pé nígbà tó ń rákòrò, irin yẹn ló máa ń gbá mú, tí kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Bàbá kì í ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láì jẹ́ pé ó ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sápò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ṣe àṣejù ìrànlọ́wọ́ nígbà kan, ó bá a tan ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Orí ìka kan bá a lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Sípánà ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, bàbá wò ó bí ẹni tó gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ lọ máa ta òjìji.

"Afẹ́fẹ́," ni ó wí. "Bí kò bá fẹ́ lọ́la ńkọ́?"

"Bí epo bá tán lọ́la ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá jẹ́ kó lọ. Kò gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, Sípánà náà ò sì dá wọn padà. Ti ilẹ̀kùn àti ti àpótí irinṣẹ́ ṣì wà lára ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bó bá sì pe ilé, bàbá kì í béèrè nípa afẹ́fẹ́.

"Súìṣì yẹn, ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Àgádágodo ni, Bàbá. Gbogbo ẹni tó bá gòkè ló ń kọ́ tirẹ̀."

"Hùn-ún. Àwọn wo ni wọ́n?"

Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá pé, wọ́n pe àwọn òbí wá wòran. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun wá láti iléeṣẹ́ tó ní àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí òkè. Òun ni yóò ṣe ìdánwò, òun náà ni yóò sì mú ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Sípánà ni olórí ẹgbẹ́ tó máa gòkè. Wọn á di àwọn nọ́ọ̀tì tó wà lókè le, wọn á sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ á sì tún yí. Bí kò bá yí kí ìdánwò tó parí, olórí ti pàdánù, iṣẹ́ orí òkè sì ti lọ. Gbogbo àgádágodo tó bá wà lẹ́nu súìṣì, olórí ni yóò ròyìn wọn.

Sípánà ló kọ́ tirẹ̀ gbẹ̀yìn, ó sì gun òkè. Iṣẹ́ náà dùn bí orin. Alápatà, ọkùnrin gìrìwò tó ti ta ẹran rí kó tó wá kọ́ṣẹ́, ń bú àwọn nọ́ọ̀tì bí ẹni ń bú oníbàárà tó ń nájà láì rà. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, inú wọn ń dùn, oníkálukú ṣí tirẹ̀.

Àgádágodo kan ṣẹ́kù.

Ó tóbi, epo ẹ́ńjìnnì ti sọ ọ́ di dúdú, ọ̀dà pupa díẹ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀.

"Ta ló kù lókè?" ni Ọ̀gá Ìgbànú bi wọ́n. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó sọnù. Síbẹ̀ kò gbà. Ó wọ ìgbànú, ó fà á wò, ó kọ́ àgádágodo tirẹ̀, ó sì gun òpó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Obìnrin náà ń kọ nǹkan sílẹ̀ láì rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ sì ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Sípánà ti mọ àgádágodo náà. Ti àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni.

Alápatà rí i pé ó ń fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ kan lápò. "Má sọ fún mi pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyẹn."

"Òun ni. Bàbá mi ló kọ́ ọ."

"Ṣí i, jàre. Ojú gbogbo wọn wà lókè. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ìwọ nìkan? Èmi á gbàgbé ní tèmi."

Sípánà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ó sáré lọ síbi tí àwọn òbí jókòó sí. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Orí àga bàbá, fìlà rẹ̀ nìkan ló jókòó.

"Ìyá mi, Bàbá ńkọ́?"

"Ó gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìn ilé. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Bàbá ti ká apá aṣọ sókè, ó ń dẹtí sí jẹnẹrétọ̀ ògbólógbòó tó ń gbé makirofóònù.

"Ta ló ń tún eléyìí ṣe fún wọn? Ó ń wúkọ́ bí arúgbó àgbò."

"Bàbá, àgádágodo yín."

Bàbá yíjú. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "O ti sọ̀kalẹ̀?"

"Mo ti sọ̀kalẹ̀."

"Ó dáa. Kí wọ́n yọ ọ́, nígbà náà."

"Ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Bàbá fọwọ́ wá àpò òsì, ó wá àpò ọ̀tún. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó wà lórí ìṣó, ní ṣọ́ọ̀bù. Àgádágodo yẹn kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ kó tó padé."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí òpó, Ọ̀gá Ìgbànú ti sọ̀kalẹ̀, ó ti ṣí tirẹ̀, òógùn bò ó. Obìnrin náà kí bàbá.

"Ẹ̀yin lẹ ni àgádágodo yìí, sà?"

"Èmi ni."

"Ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibí."

"Ọmọ mi ló wà lókè. Àwọn tó kọ́ tiwọn, mi ò mọ̀ wọ́n rí. Mi ò lè fi ọmọ mi sílẹ̀ fún àgádágodo àlejò."

"Bàbá, èmi rèé," ni Alápatà wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ mí báyìí."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Sípánà. "Ìwọ ni olórí. Nígbà tí o rí i, o mọ ẹni tó ni ín?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó ń wo àpò rẹ̀. Sípánà fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ. "Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."

"Kí ló dé tí o ò ṣí i?"

"Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ."

"Afẹ́fẹ́ ń lọ. Bó bá tán ńkọ́?"

"Á tún fẹ́ lọ́la, mà."

Bàbá wúkọ́ díẹ̀, bíi ti jẹnẹrétọ̀ yẹn. Obìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. "Fún bàbá ní kọ́kọ́rọ́ wọn," ni ó wí.

Wọ́n dé fìlà ike ààbò sí bàbá lórí. Ọ̀gá Ìgbànú, tí kò rí ìgbànú ààbò kankan lára rẹ̀, fa bẹ́líìtì ṣòkòtò rẹ̀ wò. Bàbá ṣí àgádágodo, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sípánà tan súìṣì.

Wọ́n gbójú sókè. Abẹ̀bẹ̀ dúró. Ewé kan ò mì. Ìyá Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí fi fìlà bàbá fẹ́ atẹ́gùn sókè, bí ẹni ń koná, àwọn òbí tó kù sì fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn dara pọ̀ mọ́ ọn. Bóyá ojú ti afẹ́fẹ́ ni o, ó dé. Abẹ̀bẹ̀ kan tẹ̀ síwájú, èkejì tẹ̀ lé e, ó sì di pé gbogbo wọn ń yí, òjìji wọn ń gba orí àwọn ènìyàn kọjá. Alápatà gbé Ọ̀gá Ìgbànú sókè bí odidi àgbò, ọ̀gá náà sì ń pariwo pé kó kọ́kọ́ wo ìgbànú òun.

"Ọjọ́ Ajé," ni obìnrin náà sọ fún Sípánà, ó sì rẹ́rìn-ín níkẹyìn. "Lórí òkè. Mú àgádágodo rẹ lọ́wọ́."

Bàbá fi ti ọwọ́ rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mú èyí kún un."

"Àpótí irinṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ jí níbẹ̀? Sípánà tí mo ní, wọ́n ti ń gbé e lọ sórí òkè."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ó pa jẹnẹrétọ̀ náà, ó tún apá aṣọ ká, ó sì fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

"Bàbá," ni Ọ̀gá Ìgbànú wí lẹ́yìn rẹ̀. "Àgádágodo yín dà?"

Bàbá dúró. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ láì wẹ̀yìn.

"Yá mi ní ọ̀kan."