Fẹ́ Tàbí Sẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ bá Ọ̀gá Ayùn jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ jẹun yó. Kápẹ́ńtà ni, ó sì ti ń fi ayùn oníná la pákó láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ohun tó bá ní òun gbọ́, ó ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Ohun tó gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ayùn ni, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé dúró sẹ́yìn rẹ̀, tó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀dọ́kùnrin oníṣẹ́ iná tí wọ́n jọ ń fẹ́ra. Bàbá kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ju pákó sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin náà lọ, ó ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́ láyé.

"Bàbá, kí ló ṣe yín?" Ọmọ rẹ̀ ń sunkún, ó fọwọ́ bojú bẹnu.

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé ó sẹ́ ẹ."

"Mo ní ó fẹ́ mi. Fẹ́."

"Sẹ́ náà ni mo ń wí."

Wọ́n fà á títí, kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan: wọ́n á lọ yẹ etí bàbá wò. Bí etí bá pé, oníṣẹ́ iná ti lọ nìyẹn. Inú bàbá dùn dọ́ba. Ó dá a lójú pé òun ti jàre.

Nílé ìwòsàn, wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń dún bo etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnì nígbàkigbà tó bá gbọ́ ìró. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀gá. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ kánrin, ó rò pé obìnrin tó ń yẹ etí ti lọ mumi ni.

Obìnrin náà gbé ìwé èsì jáde. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ lókè lọ́wọ́ òsì, ó sì ṣubú lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹni já bọ́ lórí àkàbà. Bàbá wo nọ́ńbà ìdí rẹ̀.

"Márùndínláàádọ́rin," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Láyé tiwa, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba irú máàkì yìí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kì í ṣe máàkì. Bí a ṣe pariwo tó kí ẹ tó gbọ́ ni. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló burú tó. Ẹ wo òsì níbí: ohùn tó ki, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Dò-re-mí ọ̀rọ̀ pé létí yín. Ọ̀tún yìí ni ohùn tín-ín-rín, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ẹnu wà, bíi ti 'f', 's' àti 'ṣ'. Ariwo ayùn ti jẹ ẹ́. Èyí tó bá sọnù, ọkàn yín ló ń fi tiẹ̀ dí i."

Ó fi ìwé bo ẹnu. "Kí ni mo wí?"

"Ẹ̀ṣẹ̀."

"Ẹ̀fẹ̀ ni." Ó gbé ìwé kúrò, ó tún un wí. Eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, bàbá rí i kedere.

Ojú tì í gidigidi. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òun kò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan pé. Obìnrin náà ń ṣàlàyé pé àwọn máa fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí yóò máa kì sétí, pé kó máa dí etí nígbà tó bá ń la pákó. Ó gbà. Lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Sọ ohun tó o sọ lọ́jọ́ yẹn."

Ọmọ náà gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu. Eyín rẹ̀ kan ètè.

"Ó fẹ́ mi, Bàbá."

Bàbá mi orí, ó nu ojú rẹ̀. "Pè é. Bẹ̀ ẹ́ fún mi. Ní kó máa bọ̀ nílé, kó dúró síwájú mi níbi tí iná wà, kó sọ ọ́ fún èmi náà. Mo fẹ́ rí eyín ẹ̀."