Èkùrọ́ Mọ́kàndínlọ́gọ́ta

Ọ̀ṣúnwùmí ti pinnu: ilé ìwé yìí ò ní bọ́ mọ́ Abúlé Fábíyìí lọ́wọ́. Ọdún 1954 ni, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ń kanlẹ̀kùn. Ìjọba ní kí òun, olùkọ́ kan ṣoṣo tó ń gbé lábúlé náà, lọ́nà Ara, wádìí iye ọmọ tí ọwọ́ wọn ti gba àtàrí kan etí kejì, àmì pé wọ́n tó lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá pé ọgọ́ta, wọ́n á kọ́ ilé ìwé síbẹ̀. Bí ẹyọ kan bá dín, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn dé Ẹ̀jìgbò. Ẹ wo Rose, ọmọ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ju igi ìṣáná lọ!

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní kí Mùkáílà, akódà tó ń gba owó orí, máa mú un káàkiri. Mọ́kàndínlógún péré ló rí kọ. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójúde lánàá ti wábi gbà. Háà! Ta ni yóò rí agbowó-orí tí kò ní fi ọmọ pamọ́?

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Mùkáílà jókòó sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ ní?"

"A dúpẹ́ o," làwọn obìnrin ń dáhùn, ojú wọn á sì le. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú bí Ọ̀ṣúnwùmí débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó gba ilé Ìyá Jímọ́ọ̀ lọ, àgbà obìnrin abúlé náà.

"Ìyá, kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ọmọ ọlọ́mọ lò ń kà lójú ìyá ẹ̀! Ṣé iṣu ni?"

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé igbá òfìfo kan àti apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́ sínú yàrá Ìyá Jímọ́ọ̀. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan dá wọlé, kó ju èkùrọ́ kan sí i fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ti tó lọ sílé ìwé. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Èkùrọ́ la máa kà.

Ìrọ̀lẹ́, wọ́n dà á sórí ẹní. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọ̀ṣúnwùmí kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyọ kan péré!

Ìyá Jímọ́ọ̀ wò ó títí. "Ìyá Rose, tìẹ ńkọ́?"

Ọ̀ṣúnwùmí ṣí ìwé rẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bínú sáwọn ìyá, òun gan-an ò sì kọ Rose sínú ìwé kankan. Ọmọ méjì ló ti sin kí Rose tó dé. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò kàn jẹ́wọ́ fún ara ẹ̀ ni.

"Kò pọn dandan o," ni ìyá arúgbó náà rọra wí.

"Ó pọn dandan, Ìyá."

Ó ké sí Rose. Ọwọ́ kékeré náà gba àtàrí, ó kan etí. Ọ̀ṣúnwùmí mú èkùrọ́ kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi í lé orí ẹní. Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé síjọba: iye tó rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, àti bó ṣe bèèrè é, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ ilé ìwé, ìbéèrè wa ló ń lé wọn sá. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọgọ́ta, gàdàgbà.