Ojú Ìyá Kọ̀rọ̀

Obìnrin kan ní kí iwájú orí òun hunjọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó lajú rẹkẹtẹ bí ẹni tí wọ́n pariwo mọ́ lójijì, ó gbìyànjú láti fajú ro bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀, síbẹ̀ iwájú orí náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Obìnrin náà sún mọ́ díńgí. Ó fi ìka tọ́ ibi tí àwọn ìlà ti máa ń wà láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Kò bá ọ̀kankan níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún, ojú tó ń wò ó láti inú díńgí kò sì tíì pé ogójì.

"Ìyanu rèé o," ó sọ fún ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọkọ rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó mi wà níbí?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́. Kí ni kí n bá ọ sọ fún un?"

"Ẹ ní kó má tètè dé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àní ọkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sílẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti máa fi ọwọ́ túmọ̀ ìròyìn fún àwọn adití ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán. Ẹni tó ń ka ìròyìn á jókòó sáàárín, òun á wà nínú àpótí kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju sítáǹbù ara lẹ́tà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Kọ̀rọ̀. Ilé ìwé kọ́ ló ti kọ́ èdè ọwọ́. Adití ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó padà di gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn méjèèjì ló sì jọ dàgbà. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu tọrọ omi ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ tọrọ rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n gbé iná tuntun wá sí yàrá ìròyìn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwòrán wá mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun imú oníròyìn. Olóòtú wọn, ọmọbìnrin kan tó lè bí lọ́mọ, fi ìfẹ́ sọ fún un pé, "Mà, ó máa ń dà bíi pé ó ti rẹ̀ yín." Kò rẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń dàgbà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e délé, ó bá a gun orí ibùsùn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó lọ jókòó lórí àga dókítà kan tó ń tún ojú ṣe. Abẹ́rẹ́ tín-ínrín bí irun ni dókítà náà fi gún un níwájú orí, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èèrà bá ń jẹni. Ó ní tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, oògùn náà á mú kí iṣan ibẹ̀ sinmi fún bí oṣù mẹ́rin. Ó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀.

"Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ni mo wà."

"Áà, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi," dókítà dáhùn, kò sì bi í ní nǹkan mìíràn.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ bíi mélòó kan. Nínú ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ tó wo díńgí náà, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó omíyalé wá bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. "Bí omi bá kan afárá," ó ní, "kí gbogbo ará ìsàlẹ̀ odò kó lọ sí ilé ìwé orí òkè." Ìyá Kọ̀rọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ já geere: omi, afárá, ó kàn án, ẹ kó ẹrù, ẹ gun òkè. Ọ̀gá náà tún un sọ, òun náà tún un túmọ̀. Nígbà tí wọ́n pa iná, olóòtú pàtẹ́wọ́.

"Mà! Ẹ wá wo bí ẹ ṣe ń dán!"

Ó wà nínú yàrá òṣìṣẹ́, ó ń jẹ búrẹ́dì, nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n rìrì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè é, ojú ìyẹn sì hàn gbangba lórí fóònù, òógùn bò ó.

"A ti dé," ọwọ́ rẹ̀ ní. "Ìwọ ń kọ́?"

"Ibo lẹ dé?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé ò ń béèrè ni, àbí ò ń sọ fún mi? Ilé ìwé orí òkè ni a wà. Ìwọ lo ní omi ti kan afárá."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀! Mo ní bí omi bá kan..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Nínú èdè tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ, "bí" kì í sí lọ́wọ́. Iwájú orí ló ń gbé. Tí èèyàn bá gbé irun òkè ojú sókè, nǹkan náà kò tíì ṣẹlẹ̀. Tí kò bá gbé e, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè pẹ̀lú, ibẹ̀ ló ń gbé. Bàbá wọn máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, gbogbo ilé a sì rò pé òwe lásán ló ń pa. Obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí rẹ̀. Ó tutù, ó ń dán, kò sì mọ nǹkan kan.

Ó sáré bá olóòtú. Kíá ni wọ́n kọ àtúnṣe sójú amóhùnmáwòrán, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kúrò nílé kò sí níwájú amóhùnmáwòrán mọ́. Olóòtú ní kí awakọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwé orí òkè.

Lójú ọ̀nà, ó ń rò ó pé òun á bá ẹ̀gbọ́n òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì mẹ́ta. Ta ló ń wo kọ̀rọ̀? Ó ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ilé ìwé náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti wọlé.

Inú ibẹ̀ kún dẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ariwo, àyàfi bàtà tó ń họ ilẹ̀ àti ọwọ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Aránṣọ kan jókòó ti máṣíìnì rẹ̀. Tọkọtaya arúgbó gbé aago ara ògiri sáàárín ara wọn bí ọmọ ọwọ́. Onígbàjámọ̀ kan ti ru àga ìgẹrun rẹ̀ gun òkè, ó wá jókòó lé e bí ọba. Bí wọ́n ṣe rí i, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ìlà dé ìlà: ìka kan lórí irun òkè ojú, á gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Orúkọ rẹ ni. O ò mọ̀? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ dìde. Ó ní òun gba ẹ̀gbẹ́ afárá náà kọjá. Òun rí i pé omi kò tíì kàn án. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ ọ́," ọwọ́ rẹ̀ ní. "Mo rò pé ojú mi ni kò ríran dáadáa."

Ìyá Kọ̀rọ̀ gun orí àga kan. Ó sọ fún wọn pé omi kò tíì kan afárá, pé òun ló fa àṣìṣe, pé abẹ́rẹ́ ni òun lọ gbà kí òun lè rí bí ọ̀dọ́. Àwọn kan fajú ro, wọ́n wo ẹrù wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ìyá arúgbó tó gbé aago wá bọ́ síwájú, ó fà á wálẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ èso wò.

"Ó dára," ìyá náà ní. "Ó rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. "Ìgbà wo ló máa tú?"

"Ó kù ju oṣù mẹ́ta lọ."

"Nígbà náà, lo èjìká." Ó gbé èjìká méjèèjì, ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun náà ṣe é. Aránṣọ mi orí, ó ní rárá, àgbọ̀n náà gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹlòmíràn bọ́ síta láti fi hàn án. Ó wá ń kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ọmọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ìwé, títí tí gbogbo wọn fi gbà pé "bí" ni lóòótọ́.

Ó padà sórí àga. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, omi kò tíì kan afárá. Wọ́n wo ara wọn. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́wọ́ sókè: bí ó bá wá kàn án ńkọ́?

Gbogbo gbọ̀ngàn bá a béèrè rẹ̀. Iwájú orí wọn gòkè pa pọ̀, ti ọmọ tí kò tíì ní ìlà kankan, ti aránṣọ, ti ìyá arúgbó tí tirẹ̀ pọ̀ bí ebè oko, wọ́n hunjọ, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń retí rẹ̀. Bí atẹ́gùn ṣe ń gba orí odò kọjá ni ìbéèrè náà gba ojú wọn kọjá. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, òun ló ń ṣe èyí fún wọn. Kò rí i láti iwájú rí.

Ó dúró, ó ń wò wọ́n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní láti fa etí aṣọ rẹ̀ kó tó rántí pé èsì ni wọ́n ń dúró dè.