Ẹkún Ìyàwó Alimat ní Gbọ̀ngàn Ìlú

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lọ́dún tí Alimat ọmọ mi fẹ́ lọ sílé ọkọ: kó sun ẹkún ìyàwó fún mi kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń mú ọmọbìnrin lọ, á kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, á ti ojúlé dé ojúlé, á máa fi ohùn arò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́ ọ, àwọn náà á sì máa wúre fún un. Èmi náà sun tèmi. Títí ìyá mi fi kú ló ń sọ pé ẹkún mi dùn.

Ṣùgbọ́n Port Harcourt la wà. Ojúlé wo ni ọmọ fẹ́ dé? Yàrá la háyà ní Diobu. Ibiere, obìnrin Kalabari tó ń ta ẹja gbígbẹ, ló wà lápá ọ̀tún wa. Mẹkáníìkì ará Calabar ló wà lápá òsì. Alimat fúnra rẹ̀, ibẹ̀ la bí i sí. Tí n bá fi Yorùbá pè é, Píjìnnì ló fi ń dá mi lóhùn.

"Àsàmáù," Nọ́fíù ọkọ mi wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "jẹ́ ká so yìgì fún ọmọ kó máa lọ. Ta ló ń sun ẹkún ìyàwó ní Diobu?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gá Bọ́lárìnwá fi wọlé. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá, báńkì ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà, ìjọba sì ń wá ohun tí orílẹ̀-èdè tuntun yóò máa pè ní àṣà rẹ̀. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìlú wa, wọ́n fi Bọ́lárìnwá sí i. Ìgbìmọ̀ ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mú ohun kan wá sí gbọ̀ngàn ìlú fún ìdíje. Ẹni tó bá gbégbá orókè á lọ ṣe tirẹ̀ ní Ẹnúgù, níwájú àwọn èèyàn ńlá. Bọ́lárìnwá ló gbé òfin ìdíje kalẹ̀: ojúlówó nìkan. Kò gbọdọ̀ sí Píjìnnì níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí àdàlù, kí oníkálùkù sì kọjú sí àwọn adájọ́.

"Tí a bá da àṣà wa pọ̀ mọ́ Píjìnnì, Ìyá Alimat, kí la fẹ́ fi han àwọn ọmọ wa?"

Rẹ̀mí ọmọ tirẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó. "Ẹ káàárọ̀" lásán kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí mo ń yọ ọ́.

Ó bèèrè ohun tí a lè mú wá. Ìgbà tí mo gbọ́ ọjọ́ ìdíje, ara mi yá gágá: ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ẹbí Wahab, ọkọ Alimat, ń bọ̀ láti Aba wá mú ìyàwó wọn. Gbọ̀ngàn tó kún fún èèyàn nìyẹn, dípò ojúlé!

"Ẹkún ìyàwó," mo ní.

Inú rẹ̀ dùn. "Ṣé Alimat lè ṣe ìyàwó náà?"

"Á ṣe é dáadáa, sà."

Òun rò pé eré ni. Kò bi mí, èmi náà ò sì sọ. Irọ́ wo ni mo pa níbẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bọ́lárìnwá ń wá kọ́ ọmọ mi ní ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Alimat ń há a sórí bí ọmọ iléèwé.

"Mama, wetin be 'òrékelẹ́wà' sef?"

"Ìwọ ni," mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í há a lọ.

Nígbà tọ́jọ́ pé, a so yìgì láàárọ̀, òjò Port Harcourt sì rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Lọ́rì àwọn àna wa dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹrù ìyàwó: ìkòkò, ẹní, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ. Bọ́lárìnwá rí i, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo kúkú kó ẹrù eré wá lọ́pọ̀ yanturu.

Alimat gorí ìtàgé, ó kọjú sí àwọn adájọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pé, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbẹ. Ọkùnrin mẹ́ta tí kò mọ̀ rí ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n tọ́ òun dàgbà! Mo rí i pé ọmọ mi fẹ́ lọ láìsun ẹkún fún mi.

Lójijì ló dákẹ́. Ojú rẹ̀ ń wá wa kiri. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá sáàárín èrò, ó sì kúnlẹ̀. Níwájú Ibiere ló kúnlẹ̀ sí. Ó dùn mí díẹ̀, ẹ má jẹ́ n purọ́.

"Mama Ibiere, I dey go o.
Na your back I sleep when rain dey fall.
Ẹja yín ni mo fi mọ adùn ọbẹ̀.
Who go fan your fire for morning?"

Bọ́lárìnwá káwọ́ lérí. Ibiere kò mọ̀ pé wọn kì í fèsì níbi ìdíje. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, omi ń dà lójú rẹ̀. "My pikin, your belle no go dry. Dem no go drive you for dat house." Gbogbo gbọ̀ngàn ní "Àmín."

Ẹ̀yìn náà ló yí sí mi.

"Ìyá mi, mò ń lọ o.
Àsàmáù tó pọ̀n mí la ẹrọ̀fọ̀ Diobu já,
Mo jẹun yó, ẹ̀yin ń pọ́nnu lá.
Mama, no look road too much.
Mò ń lọ o, mi ò gbàgbé."

Mo sunkún bí ọmọdé. Nọ́fíù tó ní ta ló ń sun ẹkún ní Diobu, fìlà ló fi bojú.

Ọ̀gbẹ́ni Augustine, olórí àwọn adájọ́ tó wá láti Ẹnúgù, ló dìde nígbẹ̀yìn. Ó ní òótọ́ ni pé ọmọ yìí rú òfin, ṣùgbọ́n àwọn ò lè gbójú fò ó. Ó ní ká máa palẹ̀ mọ́ fún Ẹnúgù lóṣù tó ń bọ̀. Bọ́lárìnwá fò sókè fún ayọ̀.

"Oga," mo ní, "dis one no be play. My pikin don marry today. Motor dey wait."

"Ìyá Alimat!" Bọ́lárìnwá kígbe. "Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ẹ ò bi mí, sà."

Augustine wo ẹnu ọ̀nà, ó rí lọ́rì. "Another girl no fit do am?"

"She fit," mo ní. "If she dey marry."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà, ó bá wa jáde sínú òjò, ó sì wúre fún ọmọ mi bí àbúrò bàbá rẹ̀. Àwọn ará Calabar ló gba ife ẹ̀yẹ. Wọ́n jó dáadáa, ó tọ́ sí wọn.

Nígbà tó ṣe, Bọ́lárìnwá wá kí wa. Ó ní òun fúnra òun ti ní kí ìgbìmọ̀ yọ òfin òun kúrò. Láti ìsinsìnyí lọ, àwọn ìgbìmọ̀ ni wọn á máa lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan wọn. Mo ní ó dára. Síbẹ̀, kò dìde láti máa lọ.

"Ìyá Alimat, Rẹ̀mí ń lọ sílé ọkọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ ní ẹkún yẹn."

"Èdè wo lẹ fẹ́ kó fi sun ún?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Èyí tó bá ti lè wò mí lójú sọ."

"Ẹ mú un wá," mo ní. "Ẹ̀yin náà, ẹ bá a wá. Ẹ̀yin ló máa kúnlẹ̀ fún."