Igba Wáàtì fún Bàámi

Yàrá tí Bàámi ti máa ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Ìgbájọ ni mo wà, omi sì mù mí dé kókósẹ̀. Omi náà tutù, ó mọ́ tónítóní, kò sì yà mí lẹ́nu. Mo ká aṣọ mi sókè, mo fa àga, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Bàámi ti kú, ṣùgbọ́n oríkì tí àwọn nìkan fi máa ń pè mí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà ni: Àbẹ̀kẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni: Ṣé o ń gbọ́ mi.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n bi mí lórí rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kú. Ìlọrin ni mo wà nígbà náà, mo sì ti pa rédíò tèmi, nítorí pé inú ń bí mi sí wọn lórí ọ̀rọ̀ kan tí n kò tiẹ̀ rántí mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn, Bọ̀dá Lánihun, ló gbọ́ ọ, tó sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú. Láti ìgbà náà ni mo ti jẹ Bàámi ní èsì.

Irú rédíò tí à ń lò yìí kì í ṣe ti ẹnu. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ lẹ́tà di ohùn tín-ín-rín kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lẹ́yìn náà á dákẹ́ kí ẹni kejì lè fèsì. Lẹ́tà mẹ́tàlá péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń ka àlàfo mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ pé: Mò ń gbọ́ yín. Mo fi agbára tó jẹ́ àádọ́ta wáàtì rán an. Kò sí èsì. Ògiri tó kọjú sí mi fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn. Mo tún un rán. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ògiri náà ti jìnnà débi pé àwọn ewúrẹ́ ń jẹko láàárín èmi àti òun.

Ìyá Àgbà jókòó sórí tábìlì, ó ń wò mí. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún rédíò ni. Bàámi ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó tóbi, ó máa ń móoru, ó sì máa ń kùn. Lọ́jọ́ yẹn ó wé gèlè aláwọ̀ eérú, gèlè náà sì yẹ ẹ́ gan-an.

Bọ̀dá Lánihun gba ojú fèrèsé wọlé. Alààyè ni wọ́n, ọ̀pá irin ni wọ́n ń tà ní Ìkìrun. Wọ́n fi ọ̀já pọn ẹ̀rọ tiwọn tó ti jóná sẹ́yìn.

"Tinúadé, kí ni gbogbo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yìí?" ni wọ́n wí. "Ẹgbẹ̀ta wáàtì ni wọ́n kọ sí Ìyá Àgbà lára. Yí i dé òpin! Tí oòrùn bá fi lè wọ̀, ọ̀nà ojú ọ̀run tí rédíò ń gbà ti tì nìyẹn."

Mo wòta. Ẹnì kan ti sá oòrùn sórí wáyà eríà tó ń gbé ọ̀rọ̀ rédíò lọ, ó sì ti ń yọ̀ bọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Bọ̀dá, kí ló jó tiyín?"

"Kò jóná. Ó ń sùn ni." Wọ́n gbá a nídìí jẹ́jẹ́.

Mo yí i dé ẹgbẹ̀ta. Omi tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú yàrá, gèlè Ìyá Àgbà tú, òógùn sì bò ó lójú. Èsì jáde lójú kọ̀ǹpútà: Ariwo. Ta ni.

Ó dùn mí wọra. Bàámi tí wọ́n máa ń dá ikọ́ mi mọ̀ láti ojú títì, àwọn ló ń bi mí pé ta ni.

Ìyá Àgbà wá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹgbẹ̀ta tí wọ́n kọ sí mi lára, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ á mí, á gbé itọ́ mì, èmi náà á sinmi díẹ̀. Èyí tí ò ń rán yìí kì í mí, ọmọ mi."

"Èló wá ni kí n fi sí, Ìyá?"

"Pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí o mú ọ̀kan. Bàbá rẹ kì í kọjá ibẹ̀. Tí o bá fẹ́ kí n jó, màá jó. Ṣùgbọ́n ariwo náà ni yóò máa gbọ́."

Igba wáàtì kéré lójú mi fún ohun tí mo gbé sáyà fún ọdún mẹ́rin, oòrùn sì ti ku etí kan péré lórí wáyà. Bọ̀dá Lánihun ń mi orí pé kí n má ṣe é. Mo wo ẹrù ẹ̀yìn wọn, mo wo Ìyá Àgbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò fẹ́ kó kú. Mo yí i sílẹ̀ dé igba.

Mo rán an: Mò ń gbọ́ yín. Mo dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Mo tún un rán, mo tún dákẹ́. Ògiri gbéra níbi tó wà, ó ń bọ̀, ó ń da àwọn ewúrẹ́ níwájú.

Àbẹ̀kẹ́ mi ni, ni Bàámi kọ.

Mo sunkún, inú mi sì dùn. Bọ̀dá Lánihun náà ń sunkún. Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sínú omi náà tó ti tún tutù, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìlọrin, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba inú lẹ́tà mẹ́tàlá nínú wọn. Mo ṣì ń kà á lórí ìka nígbà tí ti Bàámi tún dé: Ṣé o ti jẹun.

Mo kọ ọ́ pé: Rárá o, Bàámi. Ó gba gbogbo àyè náà tán.

Ìyá Àgbà ṣí ìdérí orí rẹ̀. Níbi tí gílóòbù rẹ̀ méjèèjì tó ń fún un lágbára máa ń wà, àgbàdo sísun méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n pọ́n dáadáa, kò sí èyí tó jóná. Ó fún mi ní ọ̀kan. Ó pa ìdérí dé lórí ìkejì, ó ní ti Bàámi nìyẹn. Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí oòrùn já bọ́ lórí wáyà.

Mo jí. Èèpo àgbàdo há sí mi láàárín eyín.