Ẹja Màmá Tó Máa Ń Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀lẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, igbe ni Baukje, màmá mi, fi ta. Ó gbà pé ẹja òun ti kú. Nígbà tí Hylke, bàbá mi, fi máa tibi iṣẹ́ dé, Màmá ṣì ń sunkún níwájú àpótí gíláàsì, ẹja sì ń jẹun nínú omi bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Irú ẹja bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà dúdú mẹ́ta lára, bí wọ́n ṣe máa ń sùn nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni Màmá sọ ọ́ ní Ọ̀lẹ.

Nígbà tí Màmá kú, Ọ̀lẹ nìkan ló kù fún Bàbá nínú ilé wa ní ìlú Sneek. Èmi Wytske náà kù o, ṣùgbọ́n mo ti lọ sílé ọkọ. Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kàn gbájú mọ́ àpótí rẹ̀, torí lọ́dọọdún ni adájọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ẹja máa ń ti ilé dé ilé, á mu kọfí, á sì fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ewé inú omi ló ń kó máàkì wá jù. Foppe, aládùúgbò wa, ló máa ń gbégbá orókè, kì í sì í jẹ́ ká sinmi nípa rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ewé Bàbá tutù yọ̀yọ̀, ó dára débi pé Foppe fúnra rẹ̀ pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ìbí Bàbá ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. A jókòó yípo, kálukú gbé kéèkì lé itan, ni Foppe bá gbé ẹja kéékèèké dé nínú ọ̀rá omi. Lọ́dọ̀ wa, ojú ẹni tó fúnni lẹ́bùn la ti ń tú ẹ̀bùn. Òfin Bàbá sì ni pé ẹja àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé inú garawa lẹ́yìnkùlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká lè mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀.

"Hylke, kí lò ń wò?" Foppe ní. "Àbí o rò pé kúrùnà wà lára ẹja mi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú ti Bàbá, ló bá tú wọn sínú àpótí. A tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí àmì funfun wínníwínní fi bo Ọ̀lẹ lára, bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i. Ó ń fara ha òkúta. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ sùn mọ́. Ó ń léfòó lójú omi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kòkòrò ni," Bàbá ní. "Abẹ́ awọ ló wà. Tó bá yó, á jábọ́ sínú yanrìn, á bí ọmọ yọyọ, àwọn ọmọ á sì tún máa wá ẹja kiri. Ìgbà tí wọ́n ń wá a kiri yẹn nìkan lọwọ́ lè tẹ̀ wọ́n."

"Ẹ da oògùn sí i, Bàámi."

"Ìpẹ́ ara Ọ̀lẹ ò tó nǹkan. Oògùn tó pa kòkòrò lè pa òun náà. Ooru ló kù, á jẹ́ kí kòkòrò tètè jábọ́, kò sì ní lè bímọ mọ́. Ẹja á gbà á." Ó wo àwọn ewé rẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí ò ní gbà á."

Foppe wọlé, ó ká fìlà sọ́wọ́. "Tèmi náà ti kó o. Èmi ni mo gbé e wá. Ṣùgbọ́n adájọ́ ti fẹ́ dé, Hylke. Jẹ́ kó lọ ná."

"Tó bá fi máa lọ, Ọ̀lẹ á ti lọ."

"Ó dáa, gbé ooru yẹn sókè kíá!"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà síni lẹ́pọ̀n, Foppe."

Mo sá lọ sí kíṣìnì.

Díẹ̀díẹ̀ ni Bàbá ń mú omi gbóná. Ó fi rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fa ìdọ̀tí inú yanrìn lójoojúmọ́, ó ń pààrọ̀ omi. Nígbà tí àmì náà pòórá, mo ní kó sinmi, ó kọ̀. Ó ní àwọn tójú ò rí ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ewé jẹrà. Yàrá ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó kan.

Ọ̀gbẹ́ni Loermans, adájọ́, dé. Ó mu kọfí, ó wo àpótí, ó kọ máàkì tí n kò fẹ́ rántí. Foppe jókòó sí kọ̀rọ̀, ojú ń tì í. Adájọ́ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹja yín kan ti kú síbí."

Lóòótọ́, Ọ̀lẹ ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́yìn igi inú àpótí, kò mira. Bàbá kúnlẹ̀ níwájú gíláàsì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dì í mú kó má baà ṣubú.

Ẹ̀rín ló ń rín.

"Baukje náà sọ bẹ́ẹ̀!" ó ń ké. "Ohun tí Baukje sọ gan-an nìyẹn! Ara rẹ̀ ti yá, ó ń sùn!"

Ó ju oúnjẹ sómi. Ọ̀lẹ dìde tìkanratìkanra. Foppe bú sẹ́kún, ọkùnrin gìdìgbà yẹn.

A gbẹ́yìn lọ́dún náà. Nígbà tí ọjọ́ìbí tún dé, garawa òfìfo ni Foppe dì bí ẹ̀bùn. Ó ní ẹja ń bọ̀, ká ṣáà ti tọ́jú yàrá àlejò dè wọ́n.

Bàbá ti lọ bá Màmá báyìí, àárò àwọn méjèèjì sì ń sọ mí. Ọ̀dọ̀ mi ni Ọ̀lẹ wà. Tó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo mọ̀ pé oorun ni. Síbẹ̀, mo máa ń pe ọkọ mi pé kó tètè wá o, ẹja Màmá ti kú.