Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Wo Tarannum ní Odi Agra

Èmi ni mo ní kí a pàdé nínú odi. Bí ìdílé ọkọ bá ń bọ̀ wá wo ọmọbìnrin, ẹlòmíràn á gbà wọ́n sílé, á máa sá sókè sódò nítorí tíì. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà tó ti ẹnubodè odi wọlé. Bí ọmọ bá gùn ún tán láìmí gúlegúle, ta ló tún fẹ́ bi mí bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ pé?

Tarannum ni ọmọ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo tọ́ dàgbà. Inú odi yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́: òun ló ń mú àlejò káàkiri, tó ń sọ ìtàn àwọn ọba Mughal fún wọn. Ẹnu tó fi ń ṣiṣẹ́ yìí ló ń bà mí lẹ́rù, mo sì ti kìlọ̀ fún un láti ilé.

"Lónìí, àlejò ni ìwọ náà. Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ, gbé e mì."

"Tó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́, Àǹtí?"

"Irọ́ ò légungun. Gbé e mì."

Ìyá Sabih mú Sabih wá, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń wá ìyàwó, pẹ̀lú Qamar, ẹ̀gbọ́n ìyá náà lọ́kùnrin, àti páálí petha kan, elégédé tí wọ́n sè nínú ṣúgà. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, yóò fi petha sí ọmọ lẹ́nu, ìyàwó ti di tiwọn nìyẹn. Ojú mi ò kúrò lára páálí náà.

Qamar mọ gbogbo nǹkan láyé. Ní ẹnubodè, ó ní àlùjànnú ló mọ odi náà lóru ọjọ́ kan. Mo tẹ Tarannum lẹ́sẹ̀, ó gbé e mì. A dé ilé ìṣọ́ funfun tó kọjú sódò, tí Taj, ilé mábù ńlá nì, hàn lọ́ọ̀ọ́kán, Qamar tún wúkọ́.

"Ibí ni ọmọ ọba Akbar ti ti bàbá rẹ̀ mọ́lé."

"Kì í ṣe Akbar, sà." Ẹsẹ̀ mi ò tètè dé orí ti Tarannum. "Shah Jahan ni, ọmọ ọmọ Akbar. Aurangzeb ọmọ rẹ̀ ló tì í mọ́bí, ọdún mẹ́jọ gbáko. Jahanara ọmọbìnrin rẹ̀ ló dúró tì í."

Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn arìnrìn-àjò ti pagbo yí i ká, wọ́n ń da ìbéèrè bò ó. Ọmọ gbàgbé wa pátápátá.

"Àǹkù, wọ́n mú yín lónìí!" Sabih bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ ṣíjú wò ó, Sabih gbé ẹ̀rín náà mì. Obìnrin náà wá ṣí páálí, ó mú petha kan.

"Ọmọ dáadáa ni. Ẹsẹ̀ pé, ẹnu pé jù. Tó bá délé wa, iṣẹ́ ariwo yìí parí. Kó ṣèlérí, kí n fi adùn sí i lẹ́nu."

Tarannum wò mí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Bí mo bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò ṣèlérí, torí yàtọ̀ sí ti òní, kò kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí. Kí n tó lọ́kọ, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níléèwé kan. Ìyá ọkọ mi na petha sí mi báyìí gan-an, mo ṣèlérí, mo sì jẹ ẹ́. Ó di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń wo òrùlé iléèwé náà láti fèrèsé ilé ìdáná mi.

"Ìyá Sabih, ẹ dá a padà sínú páálí," mo ní. "Ìtọ̀ ṣúgà wà nídìílé wa. Tarannum, àwọn èèyàn ń dúró dè ọ́. Ibo lo bá ọ̀rọ̀ dé?"

Wọ́n bínú sọ̀ kalẹ̀ lọ. Sabih bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí, ọmọ gidi ni, ṣùgbọ́n mi ò pè é.

Tarannum nu ojú. "Ibi fèrèsé ni, Àǹtí. Láti ibẹ̀ ni ọba ti ń wo Taj, níbi tó sin ìyàwó rẹ̀ sí."

Mo bọ́ sáàárín àwọn àlejò, mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ṣé ó padà jáde?"

"Rárá, Àǹtí. Ibẹ̀ ló kú sí."

"Ó dáa," mo ní. "Gbé ohùn sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."